Ìrù Bàálù Tí Ẹnì Kankan Ò Wò

Nígbà tí bàbá àgbà kú, gbogbo ẹbí ló kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sínú ìwé ètò ìsìnkú. Àwọn ọmọ wọn kọ ọ́ pé olóòótọ́ ni wọ́n. Ìjọ wọn kọ ọ́ pé olóòótọ́ ni wọ́n. Èmi ọmọ-ọmọ wọn náà kọ tèmi, odindi ojú ìwé kan, mo sì lo ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú fọ́tò èmi àti wọn níbi tí a jọ jókòó ti tábìlì tí a ti ń kọ́ bàálù. Oṣù mẹ́rin ti kọjá. Mo fẹ́ tún tèmi kọ, torí èyí tí mo kọ́kọ́ kọ kì í ṣe òótọ́, inú sì ń bí mi.

Jósẹ́fù Àkànní lorúkọ wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Bwari ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, nínú ilé oníyàrá mẹ́ta kan nísàlẹ̀ òkè. Nígbà ogun abẹ́lé, mẹkáníìkì bàálù ogun ni wọ́n. Bí bàálù bá lọ jà tó padà dé pẹ̀lú ihò ọta lára, àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ló máa lẹ̀ ẹ́ kó tó tún gbéra. Àwọn bàálù yẹn ni wọ́n wá ń kọ́ ní kékeré nígbà tí wọ́n dàgbà. Wọ́n á gbé e ka orí pákó, wọ́n á to igi àti àgọ́ àti ènìyàn yí i ká, bí ibẹ̀ ṣe rí gan-an lójú ogun. Ohun tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún nígbà náà, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ni lórí tábìlì wọn. Ènìyàn kan ò ju ìka ọwọ́ lọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń bá wọn ṣe é ní ọjọ́ Sátidé, títí mo fi di òṣìṣẹ́ báńkì tó ń wa mọ́tò tirẹ̀ láti Jahi lọ bá wọn.

Agolo ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Wọn ò fẹ́ rí ike sójú. Wọ́n ní ike máa ń ṣẹ́ ni, agolo ló máa ń ya bí ara bàálù gidi ṣe ń ya. Agolo mílíìkì la fi ń ṣe apá, agolo sàdíìnì la fi ń ṣe ìrù. Èéfín àbẹ́là la fi ń kun ibi tí iná ti jó. Ilẹ̀ pupa Bwari la máa ń fi asẹ́ sẹ́, a ó dà á sórí pákó kó di pápá bàálù. Níbẹ̀rẹ̀, koríko gbígbẹ la fi ń ṣe igbó, àfi ọjọ́ tí ewúrẹ́ aládùúgbò wọlé, tó jẹ igbó náà tán pátá, tó sì tẹ apá bàálù kan pẹlẹbẹ. Bàbá àgbà fa ewúrẹ́ náà létí lọ bá olówó rẹ̀, wọ́n ní kó wá tún bàálù ṣe. Ọkùnrin náà ò mọ ohun tí wọ́n ń wí, ó kàn ń fi Haúsá bẹ̀ wọ́n pé sànnu, Baba, sànnu, títí inú wọn fi rọ̀. Láti ọjọ́ náà, kàìnkàìn tí a pa láró la fi ń ṣe igbó. Wọ́n ní ewúrẹ́ tó bá lè jẹ kàìnkàìn, kó máa bọ̀.

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé bàbá àgbà kì í kọ́ bàálù tó bàjẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ọ kó pé pérépéré, wọ́n á kùn ún, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá mú ìṣó tín-ín-rín àti òòlù kékeré, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ihò sí i lára. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹkún ni mo máa ń sun tí a bá dé ibẹ̀. Oṣù mẹ́ta la fi ṣe nǹkan, ó ń dán, ẹ wá gbé ìṣó lé e. Wọ́n á ní kí n dákẹ́, kí n wá wo ihò náà dáadáa. Ibi tí ọta gbà wọlé, etí rẹ̀ á tẹ̀ sínú. Ibi tó gbà jáde, etí rẹ̀ á ṣí síta. Bí mo bá lu ìṣó láti apá tí kò yẹ, wọ́n á ní "Kai!", ìyẹn Haúsá tí wọ́n kó bọ̀ látinú iṣẹ́ ológun. Wọ́n á gba òòlù lọ́wọ́ mi, wọ́n á fi ọwọ́ òsì lù ú bó ṣe tọ́, torí ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n. Wọ́n á wá sọ pé, "Ihò ò mọ irọ́ pa, Àjọkẹ́."

Àjọkẹ́ ni oríkì mi, àwọn nìkan ló sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Nílé wa l'Ábújá, Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ. Mo ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi á wúwo. Bàbá àgbà ṣòfin pé ẹni tó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì nídìí tábìlì yẹn, kó dìde, kó lọ wo tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Mi ò fẹ́ dìde. Ìdí tábìlì yẹn ni mo ti gbọ́ gbogbo Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, ó sì dùn mí pé ohun tí màá fi sọ nìyí.

Oníjà ni wọ́n, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Alàgbà kan ní ìjọ wọn mú ọlọ́rọ̀ kan wá láti ra bàálù kan fún pálọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé e yẹ̀ wò, ó ní ó wu òun, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá òun dí àwọn ihò yẹn, kí wọ́n kùn ún kó mọ́. Bàbá àgbà rọra gba bàálù wọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní tó bá jẹ́ bàálù ọmọdé ló ń wá, kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Alàgbà bínú, ó ní wọ́n dójú ti òun níwájú èèyàn ńlá. Odindi ọdún méjì ni àwọn méjèèjì ò fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó tán, wọ́n ní, "Ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀, mi ò lè bá èèyàn bò ó mọ́lẹ̀." Mo kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé ètò ìsìnkú wọn. Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n fi lẹ́tà tó dúdú kirikiri tẹ̀ ẹ́.

Ìtàn kan wà tí wọ́n fi tọ́ gbogbo wa dàgbà. Bàálù kan ti ojú ogun dé pẹ̀lú ihò mọ́kànlélọ́gbọ̀n lápá àti níkùn. Àwọn mẹkáníìkì fi ọjọ́ méjì lẹ̀ ẹ́. Òfin wọn ni pé kí bàálù tó gbéra, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láti imú dé ìrù, kó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ti wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń jẹ́ Ràìmí, ọmọ Ìlọrin, ni iṣẹ́ náà kàn. Ràìmí fọwọ́ sí i. Bàálù gbéra, kò sì tíì kọjá àwọn igi òpin pápá tó fi dorí kodò. Ọta kan ti gba inú ìrù kọjá, ó ti gé wáyà tó ń darí ìrù náà dé ìdajì, ẹnì kankan ò sì wo ìrù. Awakọ̀ bàálù náà, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kú síbẹ̀. Wọ́n lé Ràìmí kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá àgbà ní àwọn ò sí ní pápá láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé ọ̀gá àwọn rán àwọn lọ kó epo nílùú. Ibi tí ìtàn náà máa ń parí sí ò yí padà rí: "Ẹni tí kò bá wò ó kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i."

Báyìí ni Ràìmí ṣe di orúkọ tí a ń pe ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ gbàrọgùdù nínú ilé wa. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá fọ abọ́ tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀, Mọ́mì á ní, Ràìmí, padà wá. Mo gbé e dé báńkì. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni kí n yẹ ìwé wò kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí i, mo sì máa ń kìlọ̀ fún àwọn tó wà lábẹ́ mi pé kí wọ́n má ṣe Ràìmí fún mi o. Wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ó ti kú tipẹ́.

Ibi tí a ti ń rí agolo ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Alhaja kan wà ní ọjà Wúsè, Sàfúrátù lorúkọ wọn, ọmọ Ìlọrin, tó ń ta mílíìkì àti tòmátì alágolo. Wọ́n máa ń bá wa tọ́jú agolo tó bá ti tẹ̀. Èmi àti bàbá àgbà la jọ máa ń lọ. Lọ́jọ́ kan, Alhaja béèrè ohun tí a ń fi agolo ṣe. Nígbà tí a ṣàlàyé, wọ́n ní ẹ wò ó, bàbá àwọn náà tún bàálù ṣe nígbà ogun, wọ́n ṣì wà láyé n'Ìlọrin. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé bàbá àgbà á béèrè orúkọ. Wọn ò béèrè. Wọ́n gbé àpò agolo, wọ́n ní ká máa lọ. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, kí èmi nìkan máa lọ. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọdún tó kọjá la wà lórí bàálù oníhò mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọdún méjì la ti wà lórí rẹ̀, òun ló tóbi jù nínú gbogbo ohun tí a kọ́. Ó ń dùn mọ́ mi débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi han Alhaja lórí fóònù, mo sì fi ìgbéraga sọ orúkọ bàbá àgbà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti mú bàbá wọn wá sí Ábújá láti tọ́jú ojú, pé ilé wọn ní Jabi ni bàbá náà wà. Nígbà tí mo padà lọ ní Sátidé kejì, Alhaja fà mí wọ ẹ̀yìn káńtà, wọ́n ní kí n jókòó lórí páálí mílíìkì kan. Wọ́n ní Ràìmí lorúkọ bàbá àwọn.

Ó lójú, ó nímú, ó lọ́mọ, ẹni tí a ń fi orúkọ rẹ̀ bú ara wa nídìí abọ́.

Alhaja ní bàbá àwọn ò bínú sí Jósẹ́fù, wọn ò sì fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju ìdáhùn kan lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ibà mú wọn débi pé wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà. Wọn ò rántí pé àwọn dìde lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàálù jábọ́, àwọn ọ̀gá gbé ìwé náà wá, ìfọwọ́sí tiwọn ló wà níbẹ̀, kò yàtọ̀ rárá. Wọ́n wá gbà pé ibà ló ṣe àwọn tí àwọn fi dìde lọ fọwọ́ sí ohun tí àwọn ò wò, tí àwọn sì pa ọmọ ọlọ́mọ. Jósẹ́fù ló bá wọn sùn nínú àgọ́ kan náà. Bí ẹnì kan bá mọ̀, Jósẹ́fù ni. Alhaja di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Kí bàbá rẹ àgbà ṣáà sọ fún bàbá mi bóyá wọ́n dìde tàbí wọn ò dìde. Wọ́n fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó kú."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Bwari lọ́jọ́ náà gan-an. Bàbá àgbà gbé ẹ̀mú sílẹ̀. Wọ́n wo bàálù náà pẹ́, wọ́n wá ní kí n gbé láptọ́ọ̀pù mi jáde. Mo ní ṣé ẹ ò ní lọ rí wọn ni, Jabi ò jìnnà, màá fi mọ́tò gbé yín lọ. Wọ́n ní kí n tẹ ohun tí àwọn bá ń sọ. Wọ́n sọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́: "Èmi Jósẹ́fù Àkànní kò sí ní pápá láàárọ̀ ọjọ́ náà. N kò mọ̀ bóyá Ràìmí dìde. Ìfọwọ́sí Ràìmí ni mo gbọ́ pé ó wà lórí ìwé. Ọlọ́run aláàánú ni." Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde tán, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ní kí èmi náà fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo bi wọ́n pé ẹlẹ́rìí kí ni. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí pé àwọn ló sọ ọ́. Èmi tí mo ń yẹ ìwé wò fún gbogbo báńkì, mo fọwọ́ sí i.

Alhaja kà á fún bàbá wọn. Wọ́n ní bàbá náà dúpẹ́, wọ́n ní ká bá àwọn kí Jósẹ́fù dáadáa. Ṣùgbọ́n Alhaja ní láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu bàbá àwọn mọ́.

Lẹ́yìn lẹ́tà náà, bàbá àgbà ní ọwọ́ mi ti ń wúwo, kí n jẹ́ kí àwọn nìkan parí bàálù náà. Ó dùn mí. Tí mo bá dé ní Sátidé, ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ á wà ní títì, wọ́n á ní kí n lọ se nǹkan jíjẹ. Oṣù méjì ni wọ́n fi ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi, mo rí bàálù náà lórí pákó, gbogbo ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ hàn kedere. Àgọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ọkùnrin kan ṣoṣo dúró lábẹ́ apá bàálù. Mo ní àwọn yòókù ńkọ́? Wọ́n ní ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Mo béèrè ohun tó wà nínú àgọ́. Wọ́n ní òfìfo ni. Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé èjìká mi, wọ́n ní, "Tìrẹ ni. Tí mo bá lọ tán, gbé e lọ sí Jahi." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì yẹn bí ọkùnrin, mo gbàgbé pé ìkúnlẹ̀ ni tèmi. A jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n jẹun ọ̀sán tán, wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọn ò jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti Dádì lọ gbé bàálù náà. Dádì ni àkọ́bí bàbá àgbà. Wọ́n di ìpẹ̀kun pákó kan mú, mo di ìkejì mú. Bí a ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá, apá mi kọ lára ògiri, àgọ́ náà ṣí kúrò lórí pákó, ó dojú dé, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì já bọ́. Ibùsùn kékeré kan ló wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan sùn sórí rẹ̀, wọ́n fi etí ìbọ̀sẹ̀ ológun ṣe kúbùsù bò ó dé ọrùn, wọ́n sì tẹ́ aṣọ funfun bíńtín sí i níwájú orí, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tí ibà mú.

Mo ní ká gbé pákó náà kalẹ̀. Mo lọ mú awò tí bàbá àgbà fi ń wo nǹkan kékeré, mo fi wo ọkùnrin tó dúró lábẹ́ apá bàálù. Ìwé wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, bíírò wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí ìrù. Mo gbé bàálù náà sókè, mo wo abẹ́ ìrù. Ihò kan wà níbẹ̀, etí rẹ̀ tẹ̀ sínú. Nínú ihò náà, wọ́n na wáyà tó tín-ín-rín ju irun lọ, wọ́n sì gé e dé ìdajì.

Mo wo Dádì. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mo ní, Dádì, ẹ ti mọ̀? Wọ́n ní bàbá àwọn sọ fún àwọn lọ́dún tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n wá jókòó sórí àpótí, wọ́n sọ ọ́. Ní pápá ọjọ́un, ẹni tí ibà bá mú tí kò fọwọ́ sí ìwé, ọ̀gá á ní ó ń sá fún iṣẹ́, ìyà ńlá ni. Nítorí náà, wọ́n máa ń fọwọ́ síwèé fún ara wọn. Kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ ìfọwọ́sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ í kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá àgbà tẹ́ aṣọ tútù sí iwájú orí Ràìmí, wọ́n ní kó sùn, àwọn á bá a wò ó. Wọ́n lọ, wọ́n wo gbogbo ibi tí wọ́n ti lẹ̀, ó mú dáadáa, inú wọn dùn sí i. Wọ́n fi orúkọ Ràìmí sí i. Wọn ò dé ìdí ìrù. Nígbà tí bàálù jábọ́, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ní àwọn á sọ ọ́ lọ́la. Nígbà tí ọ̀la fi pé, wọ́n ti mú Ràìmí lọ.

Dádì ní, "Wọ́n fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni. Má tú bàbá mi síta, wọ́n ti lọ." Mo bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ nípa lẹ́tà tí mo fọwọ́ sí. Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Kì í ṣe pé wọ́n ṣe àṣìṣe. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni wọ́n nígbà náà, àánú ọ̀rẹ́ ló ṣe wọ́n, mi ò lè bínú sí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọkùnrin kan wà ní Jabi tó béèrè ohun kan ṣoṣo, ìdáhùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi í ṣe ọ̀ṣọ́ sórí pákó, wọ́n sì fi gúlúù lẹ ilẹ̀kùn àgọ́ pa. Èmi ni wọ́n fi tẹ irọ́, èmi ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí irọ́, wọ́n tún wá fi òótọ́ ọ̀hún sílẹ̀ fún mi láti gbé lọ jíṣẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lè bi wọ́n ní nǹkan mọ́. Wọ́n pè é ní tèmi, mo sì dọ̀bálẹ̀. Mo tún ń rántí Mọ́mì níbi tí wọ́n ti ń ké pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ràìmí lójú bàbá àgbà. Mo ń gbìyànjú láti rántí bóyá wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo èèyàn ló ti ní kí wọ́n sùn un re. Ó kù sí mi lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yí i ká. Dádì ń pè mí lójoojúmọ́, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn ará ìjọ máa fi ojú àbùkù wo àwọn. Lójijì, Alhaja tẹ̀ mí láago láti kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Wọ́n ní bàbá àwọn ń kí mi, pé wọ́n ń ṣàdúà fún Jósẹ́fù. Ìyẹn ni mi ò lè fara dà. Mo kọ lẹ́tà mìíràn, èmi nìkan ni mo sì fọwọ́ sí i.

Mo lẹ àgọ́ náà padà sórí pákó. Ọ̀sán Sátidé ni mo gbé pákó náà sẹ́yìn mọ́tò lọ sí Jabi. Ràìmí alára, bàbá Alhaja, wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, fìlà funfun lórí, ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo ní èmi ni mo tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́, irọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo ka tuntun: "Jósẹ́fù Àkànní, bàbá mi àgbà, wà ní pápá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òun ló fi orúkọ Ràìmí sí ìwé. Òun ni kò wo ìrù. Ràìmí ò dìde lórí ibùsùn. Jósẹ́fù mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú, kò sì sọ ọ́."

Alhaja dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n lọ kọjú sí ògiri. Bàbá wọn na ọwọ́, wọ́n ní Sàfúrátù ti sọ fún àwọn pé mo gbé bàálù kan wá. Mo gbé pákó náà lé wọn lẹ́sẹ̀. Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ láti imú, wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń mi orí bí wọ́n bá ti kan ibi tí a lẹ̀. Apá kan, apá kejì, ikùn. Wọ́n dé ìrù, wọ́n gba abẹ́ rẹ̀, èékánná wọn wọ inú ihò náà, ó sì dúró síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, ọwọ́ wọn bọ́ sínú àgọ́ tí kò nílẹ̀kùn mọ́.

"Ta ló sùn síbí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Mi ò dìde?"

"Ẹ ò dìde."

Wọ́n fi ìka kan bo ọkùnrin inú kúbùsù náà. Wọ́n ní láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìrun tí àwọn kí tí àwọn ò fi tọrọ àforíjì fún ẹ̀mí ọmọkùnrin yẹn tí àwọn pa. Ìgbà márùn-ún lóòjọ́. Wọn ò sunkún. Èmi ni mò ń sunkún, mo sì ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kì í ṣe èmi ló yẹ kó bẹ àwọn.

Wọ́n wá yíjú sí ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n pe ìyàwó wọn. Wọ́n ní, "Tún un kà. Kò gbọ́ èyí tí o kà fún mi. Apààyàn ló rò pé òun fẹ́ láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ fún un."

Màmá náà wọlé, wọ́n ń fi etí ìró nu ọwọ́. Wọ́n jókòó ti ọkọ wọn, wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ṣí lẹ́tà náà, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ bàbá mi àgbà, mo sì pè é ketekete.